Ìjánu Asáré

Ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ládùúgbò. Asáré ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ dá dúró ni kò ti bá rírìn dá nǹkan pọ̀. Eré ló bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa lọ nínú afẹ́fẹ́ kó tó kan ilẹ̀, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ti ń tẹ̀ kí wọ́n tó fi aṣọ sí i.

Ìyá bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, aránṣọ sì ni ìyá náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kan ní yàrá iwájú ilé rẹ̀, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí títì. Aṣọ ilé ìwé, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, aṣọ ìyàwó, aṣọ tí wọ́n fi ń gbé òkú sin, gbogbo rẹ̀ ti gba abẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ní àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Màmá ni wọ́n ń pè é, àti ẹni tó bí àti ẹni tí kò bí.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí gan-an ti kú. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló mú un lọ, nígbà tí Asáré ṣì wà nínú ikùn ìyá rẹ̀. Ìyàwó tó fi sílẹ̀ kò kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní òun ò lè fi ìyá arúgbó sílẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìfọṣọ ńlá kan, níbi tó ti ń lọ aṣọ ibùsùn láti aago méje àárọ̀ di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí ooru áyọ́ọ̀nù sì ti sọ ìka rẹ̀ di líle bí awọ. Màmá ló ń tọ́jú ọmọ. Nígbà tí Asáré bá sun oorun ọ̀sán, tí Màmá wo iwájú orí rẹ̀, iwájú orí bàbá rẹ̀ ló ń rí. Ó máa ń sọ fún Ọlọ́run pé, “O gba ọ̀kan, O dá ọ̀kan padà. Mi ò tún béèrè nǹkan mìíràn mọ́.”

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń bẹ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Orí rẹ̀ ti ń jò. Kì í ṣe lójoojúmọ́. Ó kàn máa ń wọ yàrá láti mú nǹkan, á sì dúró láàárín yàrá bí àlejò tí wọn kò fún ní àga. Lọ́jọ́ kan, ó gbé omi kaná, ó lọ wo ojú fèrèsé, ó sì gbàgbé. Ìgbà tí ìyàwó fi dé láti ibi iṣẹ́, ìsàlẹ̀ ìkòkò ti pọ́n, èéfín gba ilé kan, Asáré sì ń sáré yípo nínú rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ìyàwó kò pariwo. Ó ṣí fèrèsé, ó gbé ìkòkò síta, ó jókòó.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ìrìn odindi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀. Màmá mọ̀ pé ẹni ọdún méjì tó bá lọ irú ibẹ̀ yẹn, tó bá fi máa padà, yóò máa béèrè pé ta ni ìyá arúgbó yìí.

“Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ìyàwó mi,” ló dáhùn.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá sí i tí Asáré fi já ọwọ́ rẹ̀ gbà níwájú ilé búrẹ́dì. Ọwọ́ àgbà ti rọ, ọwọ́ ọmọ sì kún fún òógùn. Ó yọ́ bọ́ bí ọṣẹ. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ojú títì kí onífọ́tò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá tó sáré di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Onífọ́tò yìí jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í lè rí ọ̀rọ̀ kó má fi ṣàwàdà.

“Màmá, ẹ gba ọmọ yín. Ó fẹ́ lọ bá wọn díje níbì kan, ó sì ti pẹ́.”

Màmá ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ọmọ mi, má sọ fún ìyá rẹ̀.”

“Èmi? Fọ́tò ni mo ń yà, mi ò ń ka ìròyìn.” Ó wo ojú rẹ̀, ó sì fi àwàdà sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Mo ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lónìí, mi ò mọ ibi tí màá wà lọ́la.”

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn kò sọ ohun tí àgbà náà yóò ṣe bí orúnkún rẹ̀ bá ń dun ún, tí ọmọ tuntun sì mọ eré sá ju ẹṣin lọ. Màmá ronú títí, ó wá rántí obìnrin àjèjì kan tó rí nígbà kan ní ibùdókọ̀ ojú irin, tó de ọmọ rẹ̀ mọ́ okùn kan tó gba àyà àti èjìká rẹ̀ kọjá, tí òun fúnra rẹ̀ sì di ìdí okùn náà mú. Ọmọ ń sá síhìn-ín sá sọ́hùn-ún, obìnrin náà sì ń ka ìwé rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó tú àpótí àlòkù rẹ̀ wò. Ó rí báàgì arìnrìn-àjò kan tó ti ya, tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ tó kú. Okùn báàgì náà le, ó fẹ̀ níwọ̀n ìka méjì, ó dúdú bí èédú. Ó gé e. Ó wọn àyà Asáré nígbà tó ń sùn. Ìgbàyà kan, okùn èjìká méjì, ìkọ́ kan níwájú, àti okùn gígùn kan tí yóò so mọ́ ìgbàyà lẹ́yìn, tí ìdí rẹ̀ ní ojóbó tí yóò wọ ọwọ́ Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba nípa iṣẹ́ aránṣọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Òwú kan wà tí kì í pẹ́ láyé. Kí ẹ̀rọ tó kọjá lórí aṣọ, aránṣọ á kọ́kọ́ fi ọwọ́ rán an ní gígùn-gígùn, kí apá méjèèjì má bàa sún kúrò níbi tí ó fẹ́. Ìdìmú ni Màmá ń pè é. Bí ẹ̀rọ bá ti kọjá tán, a óò fa ìdìmú yọ, a óò sọ ọ́ nù. Òfin kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀ ní yàrá Màmá. Ẹni tó bá rú u nínú àwọn ọmọṣẹ́, yóò tú gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà palẹ̀. Òwú ìdìmú kò gbọdọ̀ jọ aṣọ. Lórí aṣọ dúdú, funfun ni. “Òwú funfun ni ẹlẹ́rìí,” ló máa ń sọ. “Ó ń jẹ́rìí pé o kò tíì ṣe tán. Ẹni tó bá fi òwú dúdú di aṣọ dúdú mú, ó ti pa ẹlẹ́rìí tirẹ̀.”

Lọ́jọ́ tó ń rán ìjánu, òwú funfun ti tán nínú agolo. Ìrọ̀lẹ́ sì ti ń lọ. Ìyàwó yóò dé láìpẹ́. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan péré.” Ó fi dúdú dì í mú.

Ẹ̀rọ gba orí ìgbàyà kọjá. Ó gba orí okùn èjìká kọjá. Nígbà tó kan ibi tí okùn gígùn ti so mọ́ ẹ̀yìn, níbi tí ìṣẹ́po mẹ́ta ti pàdé, abẹ́rẹ́ ké tá, ó ṣẹ́ sí méjì. Kò sí òmíràn tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ nílé. “Ó dọ̀la,” ni Màmá wí, ó sì fi aṣọ bo ẹ̀rọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìjánu náà wà lórí tábìlì, ó gún régé, ó dúdú láti òkè dé ilẹ̀. Màmá gbé e wò. Kò rí òwú funfun kankan lára rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ.

Ẹnu àwọn ará àdúgbò kò gbà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Onífọ́tò jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó káwọ́ lẹ́yìn.

“Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ń mú un lọ jẹko ni?”

“Ìwọ ni koríko tí mo ń mú un bọ̀ wá jẹ.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣé ó ń gbó?”

“Ó ń buni jẹ. Sún mọ́ ọn kí o rí i.”

Asáré ti fa okùn náà le, ó ń fi gbogbo ara lọ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń họ ilẹ̀, kò sì kúrò lójú kan. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí ìyá àgbà rẹ̀ ní ìdí okùn náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ẹni pé ẹ̀tàn tó dùn jù láyé ni wọ́n tàn án yìí. “Mágbà, wá!” Màmá-àgbà ló ń wí, ahọ́n rẹ̀ kò tíì gbà á tán.

Ìyàwó kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Ó ní kí ni àwọn ènìyàn yóò máa sọ, pé òun bí ọmọ, ìyá ọkọ òun sọ ọ́ di ewúrẹ́. Màmá dá a lóhùn pé ewúrẹ́ tó wà lẹ́nu okùn ló ń wálé sùn. Ìyàwó rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ mú Asáré jáde pẹ̀lú ìjánu náà, ó sì rìn títí dé ọgbà ìtura, ó sì padà láìsí pé ọkàn rẹ̀ fò lẹ́ẹ̀kan.

“Màmá,” ló sọ bó ṣe ń bọ́ bàtà rẹ̀, “èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ẹ ṣeun.”

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n Màmá gbé e sùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó tí wọn kò ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún nǹkan tí orí rẹ̀ ṣe. Ó kọ orin ìyìn nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì gbàgbé ọ̀kan. Bí ó ṣe rí nìyẹn fún ìgbà díẹ̀: ilé náà tutù, ọmọ ń sáré, okùn ń dì í mú, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí Màmá tún fi pamọ́. Wọ́n ti ra búrẹ́dì, wọ́n ń bọ̀ wálé, ó dé oríta, ojúlé gbogbo sì ṣàjèjì lójú rẹ̀. Ó dúró. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, kò sì mọ èyí tí òun ti ń gbà láti ogójì ọdún. Asáré kò dúró ní tirẹ̀. Ó fa okùn, ó yà sí apá òsì, ó ń lọ. Màmá tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ́wọ́. Ó fà á dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mú iṣẹ́ dé. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ bí ọmọbìnrin kan tí kì í gbélé. Ó ti gbọ́ nípa ìjánu, ó ní òun náà fẹ́. Inú Màmá dùn. Ó ra okùn, ó ra abẹ́rẹ́ tó nípọn, ó ra òwú funfun méjì. Ó tẹ́ ìjánu Asáré sórí tábìlì kó lè fi wọn tuntun, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ojú rírán rẹ̀. Níbi ẹ̀yìn, àtàǹpàkò rẹ̀ dúró. Nǹkan kan níbẹ̀ kò rí bí ohun tí ẹ̀rọ rán. Ó gùn, ó sì rọ̀. Ọwọ́ máa ń mọ ohun tí orí ti gbàgbé. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

Lẹ́yìn rẹ̀, agolo bọ́tìnnì dà wàrà sílẹ̀. Asáré ti gun àpótí. Bọ́tìnnì ń yí lọ sábẹ́ ìjókòó, sábẹ́ ẹ̀rọ, sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ sì ti kó méjì sẹ́nu. Màmá fi ìka yọ wọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa ìyókù títí orúnkún rẹ̀ fi gan. Ìgbà tó dìde, ó mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan nídìí tábìlì. Ó wò ó títí. Wíwọn ni, ó ní. Ó wọn án tán, ó fi òwú funfun di tuntun mú, ó fi ẹ̀rọ gba gbogbo ojú rírán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fa ìdìmú yọ, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ti ilé búrẹ́dì. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn ti mú díẹ̀. Ẹyẹlé márùn-ún wà lódìkejì títì, wọ́n ń ṣa èérún búrẹ́dì jẹ. Asáré rí wọn. Tẹ́lẹ̀, Màmá ìbá ti na ọwọ́ méjèèjì, ìbá ti kígbe, ìbá ti ṣubú lé e lórí bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ti gbẹ́kẹ̀ lé okùn. Ó kàn di ojóbó mú dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de ìgbà tí okùn yóò le tí ọmọ yóò sì wẹ̀yìn.

Okùn le. Lẹ́yìn náà ló fúyẹ́. Gbogbo aránṣọ ló mọ irú fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀: bí ìgbà tí òwú abẹ́ ẹ̀rọ bá tán, tí ẹsẹ̀ ṣì ń tẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ṣì ń sọ̀kalẹ̀ tó ń gòkè, tí kò sì rán nǹkan kan.

Ọkọ̀ kékeré ni. Awakọ̀ rẹ̀ kò sáré. Gbogbo ènìyàn ló jẹ́rìí sí i. Obìnrin tó wà á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Onífọ́tò ló gbé ọmọ. Kò ṣàwàdà. Màmá dúró sójú kan náà, ojóbó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn náà sì wọ́ nílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Asáré kò kú. A dúpẹ́, wọ́n sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fọ́ lókè orúnkún àti níbi orúnkún gan-an, dókítà sì pe ìyàwó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní eegun yóò so, ṣùgbọ́n ibi tí eegun ti ń dàgbà ló bàjẹ́ yẹn. Ẹsẹ̀ náà kò ní gùn tó èkejì láéláé. Yóò rìn. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé yóò rìn. Kò sọ̀rọ̀ nípa eré.

Ní ọjọ́ kẹta, Màmá nìkan ló wà nílé ní ọ̀sán, pẹ̀lú ìjánu náà lórí itan rẹ̀. Wọ́n ti dá a padà fún un ní ọsibítù nínú ọ̀rá. Onífọ́tò ti wò ó, ó ní ọkọ̀ ló já a. Awakọ̀ ní bóyá nǹkan kan ló há mọ́ ọn. Ìyàwó ní báàgì náà ti gbó jù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ òwú kà. Okùn tí wọ́n fi ipá já máa ń fi eyín sílẹ̀. Òwú ẹ̀rọ tó bá já máa ń já wẹ́wẹ́. Níhìn-ín, òwú dúdú kan ṣoṣo ló wà, ó gùn, odindi ni, ó fà yọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjá. Ihò abẹ́rẹ́ ọwọ́ mẹ́jọ. Ìdìmú.

Ó rántí abẹ́rẹ́ tó ké tá. Ó rántí “ó dọ̀la.” Ó rántí àtàǹpàkò rẹ̀ àti agolo bọ́tìnnì. Gbogbo rẹ̀ padà wá kedere, bí àwọn ọmọ tó ti sá pamọ́ tí wọ́n wá jáde nígbà tí eré ti parí.

Ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ ju “Olúwa, O rí i.”

Nígbà tí ìyàwó dé láti ọsibítù, ó jókòó láìbọ́ bàtà. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Màmá, mo ti rò ó. Mi ò bá yín jà. Okùn báàgì yẹn ló ti gbó. Wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní ilé ìtajà, èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, màá ra ọ̀kan. Ẹ ó máa tọ́jú ẹ̀ lọ. Ìsimi tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́ ti fẹ́ tán, mi ò sì ní ẹlòmíràn.”

Ilẹ̀kùn nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun tí Màmá ti fi orúnkún dídùn bẹ Ọlọ́run fún ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ yìí, kò sì ní ṣe ju kó dákẹ́. Àwọn àgbà ti wí i pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Màmá na ọwọ́ sí ìjánu, ó tẹ́ ẹ sáàárín wọn.

“Okùn kò gbó,” ló wí. “Èmi ni mi ò rán an.”

“Ẹ ò rán an báwo?”

“Mo dì í mú ni. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́, mo ní ó dọ̀la. Mo wá gbàgbé. Òwú funfun tán, mo fi dúdú dì í, ojú mi ò sì rí i mọ́.” Ó fi ìka hàn án. “Wo ihò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi òwú tí a ń sọ nù mú ọmọ rẹ jáde.”

Ìyàwó wo ihò náà.

“Èyí tí ẹ rán fún ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́?”

“Ìyẹn le. Ẹ̀rọ ló rán an. Mo ti ní kí onífọ́tò lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun àti bàbá ọmọ jọ fà á, kò mira.”

“Ti ọmọ ọlọ́mọ ló wá le.”

“Ti ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni.”

Aṣọ ibora Asáré wà lórí àga. Ìyàwó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ po bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilé ìfọṣọ, etí lé etí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ.

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbàgbé báyìí, Màmá? Ẹ má purọ́ fún mi.”

Màmá sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ọwọ́ tó yọ́ bọ́ níwájú ilé búrẹ́dì. Ó sọ ti àwọn àárọ̀ tó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú pé kó wá jẹun. Ó sọ ti oríta.

“Mi ò mọ ọ̀nà ilé. Òun ló mọ̀ ọ́n. Òun ló fà mí délé.”

Ìyàwó fi aṣọ ibora náà bo ojú. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ̀ bá má sọ fún mi.”

“Ọmọ mi.”

“Ẹ̀ bá dákẹ́. Ìgbà tí mi ò mọ̀, mo lè lọ síbi iṣẹ́. Ní báyìí tí mo ti mọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Bí mo bá sì gbé e lọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ta ló fẹ́ tọ́jú ẹ̀yin fúnra yín?”

“Mo mọ̀,” ni Màmá wí. “Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́ lónìí, lọ́la ìkòkò ni. Èyí tí a rí yìí, ẹsẹ̀ ló gbà.”

Kò sí èyí tó fi ọwọ́ kan èkejì. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì. Wọn kò jẹ ẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn ìjàǹbá náà, wọ́n gbé ẹrù ìyàwó àti ti ọmọ sínú ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Onífọ́tò ló bá wọn gbé e. Asáré wà lápá ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà nínú ohun funfun líle tí wọ́n fi dì í láti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀, èkejì sì ń lọ nínú afẹ́fẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó rí ìjánu lórí ìkọ́ ilẹ̀kùn. Ó nawọ́ sí i, ó ń wí pé, “Mágbà, mú.” Ó fẹ́ kí ó di ìdí rẹ̀ mú. Màmá fi ẹnu kàn án ní iwájú orí, ó sì súre fún un. Ìyàwó kúnlẹ̀ ní kíkún, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Ó ní òun yóò máa pè, òun yóò máa bọ̀. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì mọ bí ọ̀nà náà ti jìn tó.

Ìgbà tí ọkọ̀ lọ tán, Màmá wọlé, ó fi abẹ́rẹ́ tó nípọn sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó mú ìjánu. Ó fi òwú funfun di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó sì fi ẹ̀rọ gba orí rẹ̀, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, títí ó fi le bíi pátákó. Ó fa ìdìmú yọ. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, kò mira. Iṣẹ́ náà parí. Ó gbé e sórí tábìlì.

Onífọ́tò ti ṣèlérí fún ìyàwó pé òun yóò máa yọjú láràárọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó kan ilẹ̀kùn, ó bá Màmá nídìí tábìlì, ó ti wọ bàtà ìjáde, ó gbé ìjánu lọ́wọ́, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá òwú funfun lára rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá.”

“Káàárọ̀. Iṣẹ́ yìí dára. Ta ló rán an?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ó ti ṣe tán, ẹlẹ́rìí kankan ò sí lára ẹ̀ mọ́.” Ó fi ojóbó sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá. “Ṣé Asáré ti jí? Bí oòrùn bá mú tán, kò ní fẹ́ rìn.”

Ọkùnrin náà wá àwàdà kan nínú ara rẹ̀, kò rí. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà.

“Ó ti jí, Màmá,” ló wí. Níbi tó wà yẹn, láìsí àní-àní, ó ti jí.

“Á jẹ́ pé mo ní láti dúró dè é,” ni Màmá wí, ó sì jókòó, okùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú dáadáa.